Ọdún tí Gbogbo Àká Kún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èyí tí mo tẹ̀lé, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tí àwọn òbí wa sọ ọ́ mọ́. Dúró-ná ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Àwọn tó ń wá ra àgbàdo ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà ìkórè, tí wọ́n kí i, tí wọ́n béèrè àgbàdo, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní fún wọn: "Ẹ dúró ná." Kò ní pariwo, kò ní bá wọn jiyàn. Á bu omi fún wọn mu, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, torí ojú mi ló ṣe.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa rán ẹnu àpò. Ní ilé ìwọ̀n tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ń kó àgbàdo wá, ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí lórí àpótí, tèmi ti abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú líle. Bí wọ́n bá ti wọn àpò kan tán, wọ́n á tì í sọ́dọ̀ mi, màá ká etí rẹ̀ méjèèjì, màá rán ẹnu rẹ̀ pa. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo lè sọ iye àpò tó kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi láti àárọ̀ láìkọ nǹkan kan sílẹ̀. Òwú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Ìdì òwú kan, ogójì àpò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí a ṣì máa padà síbẹ̀.

Bàbá wa náà, àgbàdo ló gbìn títí ó fi kú, kò sì rí èrè kan jẹ nídìí rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọ̀sẹ̀ tó bá kórè ni gbogbo àgbẹ̀ agbègbè wa ń kórè, ọjọ́ tó bá kó tirẹ̀ dé ilé ìwọ̀n ni gbogbo wọn ń kó tiwọn dé. Ẹni tó fẹ́ rà á á kàn jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀, á na ẹsẹ̀ jáde lójú fèrèsé, á máa wo ìlà àpò. Bí ẹnì kan bá ní iye tó dá kò tẹ́ òun lọ́rùn, á gbé àgbọ̀n sókè sí ẹni tó wà lẹ́yìn. Ó tán. Bàbá á gba ohun tí wọ́n bá fún un. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, nígbà tí a bá ti jẹ èyí tó kù nílé tán, tí àgbàdo ti di ẹyin ojú lọ́jà, Bàbá á tún gba ilé ìwọ̀n lọ ra òmíràn, owó àpò méjì á sì lọ sórí àpò kan.

Ọdún kan wà tí irùngbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Bàbá gbé àpò kan wálé báyìí, ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ láti tú u, ló bá dúró. Okùn pupa tí òun fúnra rẹ̀ fi so ẹnu àpò yẹn nígbà ìkórè ló ṣì wà níbẹ̀. Àgbàdo wa ni. A tà á, a tún fi ìlọ́po méjì rà á padà. Ó ká okùn náà, ó fi í sápò ṣòkòtò rẹ̀.

Nígbà tó dá oko tirẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ kì í ṣe ilé. Àká ló kọ́, àká onígi tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rin dúró, tó fi páànù yí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká kí eku má baà gùn ún. Inú yàrá kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé, àgbàdo sì ń gbé ilé tó dára ju tiwọn lọ. Àwọn aládùúgbò fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ á bí ọmọ sábẹ́ àká ni. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Á sá àgbàdo rẹ̀ sóòrùn títí, á ju hóró kan sẹ́nu, á fi eyín ẹ̀yìn fọ́ ọ. Bí kò bá dún bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ, á ní kò tíì tó. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fọ́ eyín kan dànù nígbà kan. Ìyàwó wa ní eyín ló kọ́kọ́ san owó àká.

Ìyàwó wa yìí, ẹ jẹ́ n fi í hàn yín dáadáa. Mo dàgbà jù ú lọ, mo sì wà nílé kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà "ọkọ mi" ló ń pè mí, bí àwa obìnrin méjèèjì bá sì wà pa pọ̀, a máa ń rẹ́rìn-ín títí ìbàdí á fi máa dùn wá. Òun ló ń ṣa àgbàdo, òun ló sì ń gbọ́ kòkòrò. Òótọ́ ni mo sọ. Á gbé etí lé ara àpò, á dákẹ́, á ní ó wà nínú èyí, kò sí nínú tọ̀hún. Ó ní ó máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fi èékánná họ páálí lábẹ́ aṣọ. Mo gbé etí tèmi lé e títí, ẹ̀jẹ̀ ara mi nìkan ni mo gbọ́.

Nígbà tí àgbàdo gbogbo èèyàn bá ti tán, tí Bàbá Ọlọ́kọ̀, ìyẹn ọkùnrin tó ní ọkọ̀ akẹ́rù, tó ń rà lọ́wọ́ gbogbo wa, bá ń rìn láti ilé dé ilé bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù, ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń ṣílẹ̀kùn àká. Ìlọ́po méjì. Ó kọ́ yàrá kejì, ó kọ́ ìkẹta, ó rán ọmọ méjì lọ kọ́ṣẹ́. Ìgbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń fi sí àgbàdo rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àgbàdo mi ò dùn ju tiyín lọ," ló wí. "Tiyín ló ti tán."

Kò fi nǹkan pa mọ́, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè, á mú un lọ sídìí àká, á fi bí wọ́n ṣe ń yí páànù mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn án, á ju hóró sí i lẹ́nu. Ọdún kan wá dé tí òjò kò rọ̀ dáadáa. Àgbàdo wọ́n débi pé ẹni tó ní àpò mẹ́ta péré nílé ń rìn bí olówó. Ẹ̀gbọ́n mi tà, gbogbo ayé sì rí i. Ẹni tó ń gbin ẹ̀wà fi ẹ̀wà sílẹ̀. Ẹni tó ń gbin ata hú ata. Àgbàdo ni gbogbo wọn gbìn lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kálukú ló sì lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà pé kó kan àká fún òun. Gbẹ́nàgbẹ́nà kò rí oorun sùn mọ́. Ẹ bá mi rántí pé òun nìkan ló jèrè àgbàdo lọ́dún náà, kò sì gbin hóró kan.

Òjò rọ̀ ní tirẹ̀. Àgbàdo yọ ọmọ méjì méjì.

Ọdún yẹn náà ni ojú ìyàwó wa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Kò dùn ún, kò sì pọ́n, ìyẹn ni kò jẹ́ ká tètè mọ̀. Ó kàn ń fi èjìká òsì kọlu òpó àká, a sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé òpó yẹn ló wá di orogún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú, ti òsì ti kú. Dókítà, obìnrin kan tó rọra ń sọ̀rọ̀, ṣàlàyé pé omi inú ẹyinjú ló le jù, pé ó ń tẹ iṣan ojú pa díẹ̀díẹ̀. Ti òsì kò ṣeé ṣe mọ́. Ti ọ̀tún ti ń tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí òjò àkọ́rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ tó rọ̀, òun lè dá a dúró síbi tó dé. Lẹ́yìn ìgbà náà, òun ò ṣèlérí. Owó iṣẹ́ abẹ náà kò kéré. Ohun tó wà nínú àká nìkan ló lè san án.

Ìkórè dé. Ohun tí a ò rí rí sì ṣẹlẹ̀: kò sí ẹni tó fẹ́ tà. Wọ́n á gbé àgbàdo wá wọ̀n kí wọ́n lè mọ iye tí wọ́n ní, màá rán an, wọ́n á tún fi kẹ̀kẹ́ àti ọmọlanke kó o padà sílé. Ọkọ̀ Bàbá Ọlọ́kọ̀ dúró lófo níwájú ilé ìwọ̀n fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ó fi nǹkan kún iye tó dá. Ó tún fi kún un. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mo tẹ̀ lé e lọ torí iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi.

"Dúró-ná," ó ní, "iye tí mo dá yìí, ṣé o ti gbọ́ irú ẹ̀ rí nígbà ìkórè?"

"Rárá, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ dúró ná."

"Kí ni mo fẹ́ dúró dè? Kí àgbàdo rẹ bí ọmọ?"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àti òun náà. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó lọ. Ìyàwó wa ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣa àgbàdo lórí àtẹ, ó yí orí kí ojú ọ̀tún lè rí ọkọ rẹ̀.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ tà á."

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì í. Ó ní bí òun bá tà á ní iye yìí, iṣẹ́ abẹ nìkan ni owó náà á tó fún, kò ní ku ti irúgbìn, kò ní ku ti ajílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òun bá ní sùúrù oṣù mẹ́rin, á tó iṣẹ́ abẹ, á ṣẹ́ kù. Àbí dókítà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ní kó tó di òjò àkọ́rọ̀? Oṣù mẹ́rin kò dé òjò. Ó ka oṣù náà lórí ìka ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìyàwó wa jẹ́ kó kà á tán.

"Ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé tiyín ò dùn ju tàwọn èèyàn lọ, pé tiwọn ló ti tán," ó ní. "Ta ni tiẹ̀ máa tán lọ́dún yìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi ju hóró kan sẹ́nu, ó fọ́ ọ, ó dún. Ó ní àgbàdo yìí á pẹ́. Ó ní onísùúrù ló ń fún wàrà kìnnìún.

"Ojú mi kọ́ ni kìnnìún," ni obìnrin náà wí, ó sì padà sídìí àtẹ rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀, n kò sọ̀rọ̀. Ohun tó ń dùn mí títí dòní nìyẹn. Ìdì òwú mẹ́sàn-án ni mo máa ń lò nígbà ìkórè tó bá dára, àwọn àpò náà á sì lọ sínú ọkọ̀, a ò ní rí wọn mọ́. Lọ́dún yẹn, ìdì mọ́kànlélógún ni mo lò, ọkọ̀ kò sì kún lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo àpò náà wà láàárín wa, nínú àká tó tò lọ bíi ilé ẹyẹlé. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Ṣùgbọ́n iye àpò tí mo bá rán ni wọ́n fi ń sanwó fún mi, àpò sì pọ̀, inú mi ń dùn. Mo ka òwú, n kò ka ìtumọ̀ rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin pé. Ìgbà ọ̀wọ́n dé, ọ̀wọ́n kò dé. Kò sẹ́ni tó wá ra àgbàdo láàárín wa, nígbà tí kò sẹ́ni tí kò ní. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ò yọjú. A gbọ́ pé ó ti lọ ra tirẹ̀ níbòmíràn. Nígbà tó wá dé níkẹyìn, kò sọ̀ kalẹ̀. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó na ẹsẹ̀ jáde lójú fèrèsé, gẹ́lẹ́ bí ti ayé Bàbá wa, ó sì dá iye tó kéré sí ti ìkórè. Àwọn èèyàn bínú padà sílé. Wọ́n lọ wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí wọ́n dúró ná.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, iye ọ̀hún tún lọ sílẹ̀. Ìyàwó wa gbé etí lé àpò, kò gbé e lé e pẹ́. Ó ní kòkòrò ti wà nínú gbogbo wọn. Ìyẹ̀fun funfun ti ń dà sílẹ̀ lábẹ́ àká. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ẹnì kan fi ọmọlanke kó tirẹ̀ gba iwájú ilé wa kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ẹ mọ bí àgùntàn ṣe ń ṣe bí ọ̀kan bá fo ọgbà. Kó tó di ọ̀sán, ìlà ti gùn láti ilé ìwọ̀n dé ibi afárá.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí ìlà yẹn. Mo rí i láti ibi tí mo jókòó sí. Àwọn tó kọ́ ní àká kíkọ́ wà níwájú rẹ̀, wọ́n wà lẹ́yìn rẹ̀. Iye tó wà nígbà tó dúró kọ́ ló wà nígbà tó kàn án; bí ìlà ṣe ń gùn sí i ni Bàbá Ọlọ́kọ̀ ń gé e. Ọkùnrin kan níwájú yíjú padà, ó ní, "Dúró-ná, ìwọ náà ò lè dúró mọ́?" Kò rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Òmíràn ní, "Òun ló kọ́ wa."

"Èmi ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Nígbà tó kàn án, ó gba ohun tí wọ́n fún un. Kò tó ìdajì ti ìgbà ìkórè.

Owó náà kò tó fún iṣẹ́ abẹ. Ó ta ewúrẹ́. Ó ta kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó wá wó àká, ó to pákó rẹ̀ sórí ọmọlanke, ó kó o lọ bá gbẹ́nàgbẹ́nà. Gbẹ́nàgbẹ́nà mú un lọ sẹ́yìn ilé, ó fi pákó tó ga ju èèyàn lọ hàn án. Gbogbo èèyàn ló ti kó àká wá tà fún un. Ó ní òun ò fẹ́ pákó kankan mọ́, ṣùgbọ́n nítorí ojú ìyàwó, òun á fún un ní nǹkan. Ọjọ́ yẹn ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rìn wálé nínú rẹ̀, kò sáré.

Nígbà tí àwa ẹbí fi máa ṣa owó tó kù jọ, òjò ti tó oṣù kan àbọ̀. Dókítà kò bú u. Ó ní ohun tó ti lọ ti lọ, èyí tó kù lòun máa dì mú. Èyí tó kù ni ìmọ́lẹ̀. Ìyàwó wa mọ ibi tí fèrèsé wà, ó mọ̀ bí ènìyàn bá kọjá níwájú rẹ̀. Kò mọ ẹni tó jẹ́ àfi tó bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi bi í pé kí ló rí. Ó ní, "Mo rí i pé ẹ̀yin ni," ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohùn ló fi mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n mi náà sì mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kò sẹ́ni tó fẹ́ gbọ́ orúkọ àgbàdo. Wọ́n padà sí ẹ̀wà, wọ́n padà sí ata. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì gbin nǹkan kan. Ó ń lọ láti oko dé oko, ó ń kí wọn, ó ń béèrè ohun tí kálukú fẹ́ gbìn. Àwọn kan ò dá a lóhùn. Ó rò ó pọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì gbin àgbàdo. Nígbà ìkórè, ó wá jókòó tì mí ní ilé ìwọ̀n, ohun tí kò ṣe rí.

"Òwú mélòó?" ó bi mí.

Mo ní ìdì mẹ́ta, kò sì jọ pé á dé mẹ́rin.

Bàbá Ọlọ́kọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Iye tó dá pọ̀ ju gbogbo èyí tí a ti gbọ́ nígbà ìkórè lọ. Àwọn èèyàn tó wà nítòsí ń retí ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ìyàwó rẹ̀ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó lọ sídìí àpò àkọ́kọ́, ó fà á wá sórí ìwọ̀n fúnra rẹ̀.

Ìyàwó wa ń bá mi rán ẹnu àpò báyìí. Iṣẹ́ náà kò fẹ́ ojú, ìka ló fẹ́, ìka rẹ̀ sì yá ju tèmi lọ. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè ṣe. Nítorí náà, láràárọ̀, kó tó lọ sóko, ẹ̀gbọ́n mi á yà ní ilé ìwọ̀n, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, á ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un, ogún abẹ́rẹ́, á tò wọ́n sára páálí kan kí ó lè máa fọwọ́ mú wọn. Ojú tirẹ̀ náà ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí ti gbogbo àgbà, òwú kì í tètè wọlé. Bí èèyàn bá gba ibẹ̀ kọjá, tó kí i pé Dúró-ná, á jẹ́ é, kò ní gbé orí sókè.